Ìbéèrè Méjì Tí Dókítà Béèrè Nípa Ọkàn Rẹ

Nkembo, Libreville
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Àníkẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba orúkọ,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun, mo sì kí ọ kú òtútù Franceville tí o ní kì í jẹ́ kí o fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní ṣé o ti rí gàrí rà, ó sì ní kí o má fi búrẹ́dì nìkan gbé ẹ̀mí ró.

Ka lẹ́tà yìí sókè. Etí rẹ gbọ́ Yorùbá ju bí ojú rẹ ti mọ̀ ọ́n kà lọ, ìwọ tí a bí sí Libreville tó jẹ́ èdè Faransé lo fi mọ ìwé. Bí o bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, padà sẹ́yìn kí o tún un kà. Má sì bi mí pé kí ló dé tí n kò fi gba ohùn mi sórí fóònù kí n fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ ti tú àṣírí rẹ. Ó ní bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, ṣe lo máa ń mú kó sáré ní ìlọ́po méjì, tí bàbá rẹ á wá máa dún bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ìwé kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Jókòó tì í.

Kí n tó sọ ohun tó wà níkùn mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn díẹ̀, nítorí ó tọ́ sí mi. Láti ọjọ́ tí o ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní Owendo, n kò tíì ta bàtà kan ní ṣọ́ọ̀bù yìí láìdárúkọ rẹ. Mo ti lẹ fọ́tò rẹ mọ́ ògiri, lókè ibi tí mo to bàtà àlòkù àwọn ọkùnrin sí. Èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí o sá kìlómítà mọ́kànlélógún ni, tí ojú rẹ fún pọ̀ bíi ti ẹni tó jẹ orógbó. Lánàá, obìnrin kan wá ra bàtà fún ọmọ rẹ̀. Kó tó na ọwọ́ sí ọ̀kan, mo ti sọ fún un pé ọmọ mi ni olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé ìjọba ní Franceville, pé kìlómítà méjìlélógójì ló ń múra láti sá báyìí. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní, "Félicitations, Papa. Mais la chaussure, c'est combien ?" Iye owó bàtà ni tirẹ̀, ọmọ ni tèmi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dín owó bàtà náà kù fún un nítorí pé ó tẹ́tí sí mi.

Nígbà tí o wà ní kékeré, bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní ìkóríta wa ní Nzeng-Ayong, wàá ti rí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé. Wàá sáré wá pàdé mi, sálúbàtà rẹ á yọ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá rẹ á máa pariwo pé o máa ṣubú. O kò ṣubú rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán. Mo sì mọ ibi tó ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ọ́ fún ọ rí.

Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi nìyí. Mo purọ́, Àníkẹ́. Lọ́jọ́ tí mo sìn ọ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìlera tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́, dókítà béèrè ohun méjì lọ́wọ́ mi, mo sì fi irọ́ dá a lóhùn lórí méjèèjì. Orí irọ́ yẹn ló ti buwọ́ lùwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ láàárọ̀ yìí pé kí o gbé bàtà eré kọ́ títí lẹ́tà mi yóò fi dé ọwọ́ rẹ. O bi mí pé kí ló dé, "Mais pourquoi, Papa ?" Mo ní fóònù ò gbọ́ dáadáa. Fóònù gbọ́ dáadáa. Ẹnu mi ni kò gbà á.

N ó sọ gbogbo rẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó parí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn lọ́nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi wọlé, nítorí náà má fò ó lọ sí ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́.

Ṣé o rántí yàrá dókítà náà? Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọ láyà, ẹ̀rọ sì ń fa ilà sórí ìwé. Dókítà obìnrin náà wo ìwé, ó ní ọkàn rẹ ń lù ní ìgbà mẹ́rìnlélógójì ní ìṣẹ́jú kan. Mo fò dìde lórí àga. Mo ní ọkàn tó ń falẹ̀ báyìí, ṣé kò fẹ́ dúró ni? Ìwọ ń rẹ́rìn-ín, o ní, "Papa, laissez. Ẹ fi sílẹ̀, eré ló ṣe é." Dókítà gbè ọ́ lẹ́yìn. Ó ní iṣan ni ọkàn, gẹ́gẹ́ bí iṣan ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fi í ṣe iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, á tóbi sí i, ara rẹ̀ á nípọn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù yóò sì pọ̀. Nítorí náà, bí ara bá sinmi, kò sí ìdí fún un láti máa lù léraléra. Ó ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gba ìwé onílà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá fi kún un pé ohun kan wà tó máa ń rú àwọn dókítà lójú. Ọkàn tí eré sísá sọ di ńlá àti ọkàn tí àìsàn ìdílé sọ di ńlá a máa jọra. Ìdí nìyẹn tí òun fi gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ilé. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Papa, ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tó kú lójijì nígbà tó ṣì kéré?"

O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ẹnì kan bá dárúkọ ikú lójú ọmọ ẹni, a kì í dúró ronú, àdúrà la fi ń lé e. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Jamais! Ọlọ́run má jẹ́!" Dókítà kò mọ̀ pé àdúrà ni. Ó gbọ́ "jamais", pé kò ṣẹlẹ̀ rí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i nígbà tó ń kọ ọ́. Mo lè dá a dúró, n kò dá a dúró. Ó tún béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ní àìsàn ọkàn. Mo ní rárá, ara gbogbo wa le koko. Oògùn ọkàn tí mo ń lò wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi bí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀.

Jẹ́ ká bọ́ sórí ìmọ̀ràn. Èkíní: má gbé ibà sáré láé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Libreville, kí ìyá rẹ tó wá bá mi, àdúgbò Venez-Voir ni àwa ọmọ Yorùbá mélòó kan jọ ń gbé nínú yàrá kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ọjà, mo máa ń sáré. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa ń bá àwọn eléré ìdárayá lọ sí ọ̀nà etí òkun láàárọ̀, n kì í sì í padà títí oòrùn yóò fi le. Ibà wá mú mi lọ́dún kan. Àwọn tí a jọ ń gbé ní kí n mu àgbo, kí n wọ aṣọ òtútù méjì, kí n lọ sáré kí ibà bá òógùn jáde. Ní tiwa, ẹni tó dùbúlẹ̀ fún ibà, ojú ọ̀lẹ la fi ń wò ó. Mo mu àgbo náà, mo ki aṣọ méjì bọrùn, mo gbéra. N kò tíì gun òkè kan tán tí ilẹ̀ fi yí mi. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì ló da omi lé mi lórí. Ó ní, "Petit, tu veux mourir devant mes bananes ?" Ṣé iwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ni mo fẹ́ kú sí? Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àyà ń dùn mí bí mo bá mí kanlẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni dókítà tèmi ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe òun ló yẹ̀ ọ́ wò o, ọkùnrin ni tèmi, n ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ó ní àìsàn tó ń mú ara gbóná lè wọ inú iṣan ọkàn, kó sì mú un wú. Ẹni tó bá lọ sáré nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrẹ ni. Nítorí náà bí ara rẹ bá gbóná, dùbúlẹ̀. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ bá sì wá sí pápá pẹ̀lú ibà, lé wọn padà sábẹ́ ibòòji igi. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ẹni tó ń kẹ́ ọmọ jù.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa ń sáré pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, o sì máa ń fi yangàn sí mi, èmi náà sì máa ń fi yangàn sí àwọn ẹlòmíràn. A jọ ṣìnà ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki nítorí àìmu omi, ọkàn ló ń jìyà rẹ̀. Ọlọ́run tó ní ká gbààwẹ̀ kò ní ká sá kìlómítà ogún lé e. Lóṣù Ramadan, máa rìn, kó tó.

Èkejì: jẹ́ kí ọkàn rẹ sinmi bí o ti ń jẹ́ kí orúnkún rẹ sinmi. Mo sáré fún ogún ọdún ó lé láìgba ọjọ́ kan ìsinmi. Wọ́n ní kí n sinmi, mo ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, bí ẹni pé eré tí mo ń sá ló ń bọ́ wa. Gbogbo iṣẹ́ mi ni láti yí bàtà àlòkù dà kí n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo lè sọ fún ọ bóyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń tẹ gìgísẹ̀ tàbí ọmọ ìka, bóyá ó sáré jù tàbí ó jókòó jù. Ṣùgbọ́n ọkàn kò ṣeé yí dà kí á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ọ̀nà etí òkun yẹn kan náà, ọkàn mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú àyà mi bí adìyẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀. Ó lù, ó fò, ó tún lù mẹ́ta pa pọ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wo omi, mo ń ṣe bí ẹni tó ń gbafẹ́.

Dókítà tèmi ní apá òkè ọkàn mi kò lù ní ìṣọ̀kan mọ́. Ó ní àwọn tó ń sáré níwọ̀ntúnwọ̀nsì sábà máa ń ní ọkàn tó dára ju tàwọn tó ń jókòó lọ, kí n má ṣe gbé ẹ̀bi fún eré. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sá eré gígùn tó le, ó máa ń rẹ ọkàn fún ìgbà díẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ á fẹ̀ sí i, á sì padà sípò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí kò dúró kó padà sípò, tó tún gbé òmíràn lé e, lọ́dọọdún, fún ọdún gbọọrọ, ọkàn tirẹ̀ lè ní àpá, lílù rẹ̀ á sì di ségesège. Kì í ṣe gbogbo sárésáré ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré, ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ.

Kí ni mo wá sọ fún ìyá rẹ nípa oògùn náà? Mo ní ti orúnkún ni. Obìnrin náà gbà mí gbọ́. Láti ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, ó ń fi òrí pa orúnkún mi, ọ̀tún àti òsì, tàdúràtàdúrà. Orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan. Rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta: má pe ọmọ kankan ní ọ̀lẹ. Olùkọ́ ni ọ́ báyìí, fèrè wà lọ́rùn rẹ, ìwọ lo máa ń sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú. Bí ọmọ kan bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, o lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bó bá ní àyà ń dun òun, tàbí ojú ń ṣókùnkùn sí òun bí òun bá ti ń sáré, tàbí ọkàn òun ń fò, tàbí bó bá ṣubú láìsí ẹni tó tì í, dá gbogbo eré dúró. Má jẹ́ kó padà sí pápá títí dókítà yóò fi rí i. Kò sí àwàdà níbẹ̀, Àníkẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, èyí sì ni ibi tí mo ti ń bọ̀ láti òkè ìwé yìí.

Ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò ní pálọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí a sọ fún ọ pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á, ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ. Kò sí ọkọ̀ kankan. Eré la jọ ń sá. Òun ni wọ́n mọ̀ jù nínú eré ọ̀nà jíjìn ní gbogbo ilé ìwé agbègbè wa, àwọn olùkọ́ ló sì máa ń ra bàtà fún un. Ẹsẹ̀ tìrẹ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bí o ṣe máa ń yí èjìká òsì díẹ̀ bó bá rẹ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lára rẹ, o kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, mo ní láti wọlé lọ jókòó.

Ó ti dákú lẹ́ẹ̀mejì rí lẹ́yìn eré. Wọ́n ní oòrùn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa méjèèjì gba ọ̀nà Ṣakí. Lójú ọ̀nà, ó dúró. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Dúró ná, àyà mi ń fún mi." Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, n kò tíì fi eré jù ú rí láyé mi, inú mi sì ń dùn pé òun ló kọ́kọ́ dúró. Mo ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Bọ̀dá mi ti di ọ̀lẹ o! Ẹ wá wo ọ̀lẹ!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbéra, ó sì sá mi kọjá. Kò tíì rìn jìnnà tó fi ṣubú. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bọ̀dá mi kò wo ibì kankan.

Àwọn àgbà ilé pàdé, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ó bá mi lára mu. Bí wọ́n bá ń wá ọ̀tá, wọn kò ní bi mí léèrè ohun tí mo sọ fún un lójú ọ̀nà. Mo wá sí Gabon, mo sì ń dá sá eré tiwa méjèèjì fún ogún ọdún. Bóyá ìdí tí n kò fi gba ìsinmi nìyẹn. N kò mọ̀.

Ìrun Mọ̀gáríbì ti tó. Mo dá bírò dúró níbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti padà dé ìdí lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o padà lọ sọ fún dókítà náà pé bàbá rẹ purọ́. Mo ti kọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta, mo sì ti ya ìwé náà lọ́nà mẹ́ta. Kí ló dé tí ọmọ á fi máa ru irọ́ bàbá rẹ̀ kiri? Lánàá, Mọ́ńdè, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ takisí, mo lọ fúnra mi.

Mo jókòó láàárín àwọn aláìsàn títí ó fi kàn mí. Dókítà náà rántí mi. Ó ní, "Ah, Papa ! Et notre championne ?" Ìwọ ló ń béèrè. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún àwọn ìbéèrè ọjọ́ yẹn béèrè lọ́wọ́ mi, nítorí n kò dáhùn wọn dáadáa. Ó wò mí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ ìwé rẹ, ó sì béèrè wọn bó ti béèrè wọn lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọmọ ọdún mélòó? Mo ní mẹ́rìnlélógún. Ó ní nígbà tó ń ṣe kí ni? Mo ní nígbà tó ń sáré. Ó ní ǹjẹ́ ó ti dákú rí? Mo ní lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá bírò dúró, ó ní kí lorúkọ rẹ̀? Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí orúkọ yẹn ti jáde lẹ́nu mi gbẹ̀yìn, Àníkẹ́. Mo ní Sàláwù. Ó ní kí n pè é lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn kí òun lè kọ ọ́, mo sì ń pè é fún un, mo ń sunkún, arúgbó bíi tèmi, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ lábẹ́ orúkọ rẹ.

Kò bú mi. Ó ní ó dára tí mo wá. Ó ní kí o wá kí òun lè fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún, kò dunni rárá. Ó ní ó lè jẹ́ pé ọkàn sárésáré lásán ni. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tó pa Sàláwù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a ti mọ̀ ní ìtọ́jú, ohun tí a kò mọ̀ ló ń pani lójú ọ̀nà. Ó ní títí òun yóò fi rí ọ, má sáré, ì báà jẹ́ kìlómítà kan. Ó ní kí èmi náà wá fún tèmi.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ti Sàláwù, ti ọ̀nà Ṣakí, ti oògùn. Ó dìde, ó gbé ike òrí wá síwájú mi, ó gbé e kalẹ̀ gbàgà. Ó ní, "Bàbá Àníkẹ́, ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá orúnkún yín bẹ Ọlọ́run!" Ó sunkún, ó bínú, ó sì lọ yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ mi. Láàárọ̀ yìí òun fúnra rẹ̀ ló ka oògùn sí mi lọ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti bá mi, n kò sì kú.

Ọmọ mi, gbọ́ èyí dáadáa. Bí dókítà bá ní ọkàn rẹ pé, n ó dúró ní etí òkun lọ́jọ́ tí o bá sá kìlómítà méjìlélógójì náà, n ó sì pariwo débi pé ojú á tì ọ́. Bó bá ní kí o dá eré dúró, yóò dùn mí, yóò sì dùn ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ kò ní kúrò lára ògiri. Kì í ṣe ìsáré rẹ ni mo fi ń yangàn. Mo fi ọ́ yangàn nítorí pé ọmọ tí a bí fún oníbàtà ní Nzeng-Ayong ló ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn báyìí, àti nítorí pé nígbà tí dókítà ń bi ọ́ ní ìbéèrè tìrẹ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tí o sọ ló jẹ́ òótọ́.

Sọ fún ọ̀gá ilé ìwé rẹ, gba àyè, kí o wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá yóò dúró kí o kà á tán, yóò sì gba ìdáhùn rẹ. Ọlọ́run yóò mú ọ dé láyọ̀. Kò ní fi ọkàn rẹ dán wa wò. Yóò jẹ́ kí o dàgbà ju ẹni tó fún ọ ní ẹsẹ̀ yẹn lọ, kí o sì gbó ju èmi náà lọ.

Èmi àti ìyá rẹ á ti wà ní ibùdókọ̀ Owendo kí ọkọ̀ rẹ tó dé. Bí o bá rí wa lókèèrè, mo mọ̀ ọ́, mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ máa fẹ́ ṣe. Jọ̀ọ́, má sáré wá pàdé mi. Máa rìn bọ̀. N ó dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múráínà, àbúrò Sàláwù.